Ọwọ́ Tútù Lórí Ìwé Ìlera

"Òkú ni mo fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé," ni Ambrose wí, ó sì gbé fọ́ọ̀mù náà kalẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni tó ń sọ ejò kalẹ̀ lọ́wọ́.

Sájẹ́ǹtì Dora Àríyọ̀ kò fọwọ́ kàn án. Ó wo ìwé, ó wo ẹni tó gbé e wá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ kẹfà oṣù keje ọdún 1971. Òjò òwúrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí òkè Okitipupa, omi ṣì ń kán láti etí páànù téṣàn ọlọ́pàá. Ambrose ni akọ̀wé ọ́fíìsì tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ti ń gba ìwé ìlera. Gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí aláfínjú, ṣùgbọ́n kò tíì fá irùngbọ̀n rẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́rin.

"Ẹ jókòó," ni Dora wí.

"Ìjókòó kò bá mi lára mu, Sájẹ́ǹtì."

"Ẹ jókòó náà. Òkú kì í lé ènìyàn wọ téṣàn."

Ó jókòó sí etí àga.

"Ẹ ṣàlàyé fún mi bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan," ni Dora wí. "Báwo ni wọ́n ṣe ń gba ìwé yín?"

"Kò le. Ẹni tó bá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní àádọ́rùn-ún ọjọ́, láti ọjọ́ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, yóò wá fúnra rẹ̀, yóò mú lẹ́tà ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ́wọ́, yóò dárúkọ ìyàwó rẹ̀, yóò sì fọwọ́ síwèé níwájú mi. Màá fún wọn ní káàdì. Òun àti ìyàwó rẹ̀ á máa gba ìtọ́jú ní ọsibítù láìsan kọ́bọ̀. Bí ọkọ bá kú lẹ́yìn tó ti fọwọ́ síwèé, káàdì ìyàwó kò bá a kú."

"Bó bá kú kó tó fọwọ́ síwèé ńkọ́?"

"Ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn."

Orúkọ tó wà lórí fọ́ọ̀mù ni Benedict Adéjọbí, ará Ìkọ̀yà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi jẹ́ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ títì. Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kẹta ló fi iṣẹ́ sílẹ̀, àádọ́rùn-ún ọjọ́ rẹ̀ sì pé ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà.

"Ọjọ́ Ajé, tó ku ọ̀la kí ọjọ́ rẹ̀ pé, ni àbúrò rẹ̀ mú un wá," ni Ambrose wí. "Àlàmú ni wọ́n ń pe àbúrò náà. Aṣọ ìjọ Aládùúrà ni ẹ̀gbọ́n náà wọ̀, funfun látòkè délẹ̀. Kò wọ bàtà. Wọ́n fi aṣọ funfun mìíràn bò ó lórí àti lójú. Àlàmú ní ẹ̀gbọ́n òun wà nínú ààwẹ̀ ẹ̀jẹ́, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ rí ojú rẹ̀ títí di ọjọ́ kẹta."

"Ẹ sì gbà?"

"Ọmọ ta ni mo jẹ́ tí màá ṣí aṣọ lójú ẹni tó wà nínú ẹ̀jẹ́?"

Dora tọ́ka sí àmì yíǹkì tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà. "Ọ̀gá tó ń kọ ìròyìn iṣẹ́ ránṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, ìka ló tẹ̀?"

"Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè mú kálàmù. Mo di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú kí n lè tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sínú yíǹkì." Ambrose fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. "Ọwọ́ náà tutù, Sájẹ́ǹtì. Kì í ṣe òtútù òjò. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni mo ti mọ̀ pé ọwọ́ òkú ni mo dì mú. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti di ojú báyìí, ó wà lórí bẹ́ǹṣì mi. Ó ń dúró dè mí."

"Kí ló ń sọ?"

"Kì í sọ̀rọ̀. Ó kàn ń dúró dè mí ni."

"Ìgbà wo lẹ gbọ́ pé ó kú?"

"Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ tí wọ́n sin ín. Ìjọ rẹ̀ ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú ló kú. Ṣùgbọ́n lánàá, awakọ̀ kan tó ń ná Ìkọ̀yà wá sọ fún ọ̀gá mi pé irọ́ ni. Ó ní alẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ti kú, òun wà lára àwọn tó gbé e."

Dora kọ ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan sínú ìwé kékeré rẹ̀. Ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

"Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?"

"Salome. Ó wà lórí ibùsùn ní ọsibítù báyìí, káàdì náà ló fi wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀ láti bí oṣù mẹ́ta. Dókítà fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀gá mi ní bí ọ̀rọ̀ yìí kò bá yanjú kí Ọjọ́bọ̀ tó lọ, àwọn á gba káàdì náà padà."

"Bí wọ́n bá gbà á padà?"

"Wọ́n á ní kó máa lọ sílé." Ambrose wo ilẹ̀. "Mi ò rò pé á délé."

* * *

Ẹrọ̀fọ̀ ló kún ojú ọ̀nà Ìkọ̀yà. Nígbà tí Dora fi máa dé ẹbu tí Àlàmú ti ń fọ epo, bàtà rẹ̀ ti wúwo fún amọ̀. Èéfín bo ibẹ̀. Àlàmú dúró ti àgbá tó ń hó, ó ga, èjìká rẹ̀ gbòòrò bí ilẹ̀kùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ kú ìrìn. Bó bá jẹ́ epo lẹ wá rà, ti òní kò tíì jinná."

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ló gbé mi wá. Sájẹ́ǹtì Àríyọ̀ ni mí, láti téṣàn."

Àlàmú fi igi ro àgbá náà, kò gbójú sókè. "Ẹ̀yin ọlọ́pàá yìí náà. Ẹ kò rí àwọn tó ń jí ẹyìn wa gé, òkú lẹ rí."

"Ìgbà wo ló kú?"

"Ọjọ́rú."

"Ẹ yá lẹ́nu púpọ̀."

"Ṣé kí n gbàgbé ọjọ́ tí ọmọ ìyá mi kú ni?"

"Báwo lẹ ṣe gbé e dé Okitipupa lọ́jọ́ Ajé?"

"Kẹ̀kẹ́." Ó fi ẹnu júwe rẹ̀. "Ó jókòó sẹ́yìn mi, ó di ìbàdí mi mú."

Dora rìn lọ síbi kẹ̀kẹ́ náà. Irin ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ ti dá lápá kan, okùn ni wọ́n fi dì í. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, irin náà ké.

"Mo gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n yín ga jù yín lọ."

"Ó fi ìka méjì ga jù mí lọ."

"Ó sì jókòó sórí èyí, láti ibí dé Okitipupa, nínú ẹrọ̀fọ̀?"

"Ààwẹ̀ ti fà á gbẹ. Ó fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà." Àlàmú rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n òógùn ń sàn wọ ojú rẹ̀, kì í sì í ṣe ooru àgbá nìkan ló fa òógùn yẹn. "Sájẹ́ǹtì, obìnrin yẹn kò ní ẹnì kankan mọ́. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi."

Dora rò ó bó ti ń padà lọ. Òun kò dárúkọ obìnrin kankan fún un.

* * *

Ilé ìjọ náà wà ní ìpẹ̀kun ìlú, wọ́n da iyanrìn funfun sí gbogbo àgbàlá rẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́ta kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n yí igbá kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ká. Wòlíì Oyèkànmí jáde wá, arúgbó ni, ohùn rẹ̀ kò le.

"Ẹ bọ́ bàtà yín, ọmọ mi."

Dora bọ́ ọ.

"Bàbá, ìgbà wo ni Adéjọbí kú?"

"Àwa kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó sùn lálẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta."

"Ẹ kò sì kéde rẹ̀ títí di Ọjọ́rú."

"Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n jí Lásárù. Kí ni àwa fẹ́ máa kánjú sí? Mo ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sí yàrá ilé àánú, ká sì máa gbàdúrà níta. Mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé tọ̀ ọ́ àfi aya rẹ̀." Ó wo igbá náà. "Ọlọ́run sì gbọ́ wa."

"Báwo?"

Wòlíì bẹ̀rẹ̀, ó ṣí igbá náà. Ojú ẹsẹ̀ kan wà lábẹ́ rẹ̀ nínú iyanrìn tútù, ó jinlẹ̀, ìka márààrún hàn gedegbe. Àwọn obìnrin náà tẹ orí ba.

"Ní ìdájí Ọjọ́ Ajé, ó dìde," ni Wòlíì wí. "Àwọn ìyá méjì tó wá gbálẹ̀ rí i tó jáde láti inú yàrá náà nínú aṣọ rẹ̀. Ó ní ohun tó kù fún un láti ṣe láyé. Ó lọ, ó bọ̀ nígbà tí oòrùn yí, ó tún dùbúlẹ̀. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ara fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa pé ká jọ̀wọ́ rẹ̀."

"Ṣé wọ́n rí ojú rẹ̀?"

"Wọ́n rí aṣọ rẹ̀."

Afẹ́fẹ́ kan fẹ́ gba inú àgbàlá náà kọjá, àwọn aṣọ funfun tí wọ́n sá sórí okùn gbé ara wọn sókè, wọ́n tún wálẹ̀. Dora sún mọ́ ojú ẹsẹ̀ náà. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà nílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ iyanrìn, ó gbé e kúrò.

Méjèèjì dọ́gba. Ẹsẹ̀ Dora kò tóbi.

Wòlíì wò ó pẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wẹ òkú Adéjọbí, ó mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe tó.

"Bàbá, kí ló dé tí Adéjọbí kò fi lọ gba ìwé ìlera láti ọjọ́ yìí?"

"Kò fẹ́ oògùn. Ibi tí ẹ dúró sí yìí ló dúró sí níwájú gbogbo ìjọ ní oṣù kẹrin, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé omi àdúrà nìkan ni yóò wọ ọ̀fun òun. Nígbà tí aya rẹ̀ gba ọsibítù lọ, ó dùn mí. Mi ò sọ̀rọ̀." Ó dojú igbá náà dé padà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bo ọmọ tó sùn. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Sájẹ́ǹtì, àwọn ìyá wọ̀nyí ti ń kúnlẹ̀ síbí láti ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn."

"Mi ò sọ nǹkan kan, Bàbá."

"Ẹ ṣeun."

* * *

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, Dora wọ ọ́fíìsì Ambrose. Yàrá kan ṣoṣo ni: tábìlì, bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ìwé ìlànà ètò náà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, kàlẹ́ńdà kan tó fi ìsàlẹ̀ bo ìdajì rẹ̀. Ambrose ti gbé bẹ́ǹṣì náà dojú kọ ògiri kí ẹnikẹ́ni má baà lè jókòó lórí rẹ̀.

"Ẹ ní ọkọ máa ń dárúkọ ìyàwó," ni Dora wí. "Báwo ni ọsibítù ṣe ń mọ̀ pé ìyàwó náà gan-an ló wá?"

"Òun náà ń tẹ ìka tirẹ̀ sórí ìwé kejì. Ìyẹn lè jẹ́ nílé. Àlàmú gbé e lọ fún un, ó sì dá a padà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kí n tó ti ilẹ̀kùn. Ọsibítù á ní kó tún un tẹ̀ níwájú wọn, wọ́n á fi wéra."

"Ẹ fi ìwé kejì náà hàn mí."

Ó ṣí dúrọ́ọ̀ òkè, ó mú un jáde. Bó ti ń ṣe é, ó fi orúnkún rẹ̀ ti dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ pa mọ́ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣí tẹ́lẹ̀.

Dora tẹ́ ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lójú fèrèsé. Ó tẹjú mọ́ wọn títí Ambrose fi bẹ̀rẹ̀ sí í mí kíkankíkan.

"Ẹ wá wò ó. Kí lẹ rí láàárín èyí, ti ọkọ?"

"Ìlà funfun kan. Ó dábùú."

"Orí ìka yẹn ńkọ́?"

"Ó dán. Kò ní ojú kankan."

"Ìyá mi ní irú rẹ̀," ni Dora wí. "Ní Ìjù-Odò, èkùrọ́ ló pa tọ́ wa dàgbà. Àtàǹpàkò òsì ló ń fi di èkùrọ́ mú lórí òkúta, ọ̀tún ló fi ń gbé òkúta kejì sọ̀kalẹ̀. Ọjọ́ tí ọwọ́ bá ṣì, ìka ló ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ogún ọdún, orí ìka yẹn á dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Kí ni ọ̀gá títì ń wá nídìí èkùrọ́?"

Ambrose gbé ìwé náà sún mọ́ ojú.

"Ó yá, ẹ wo ti ìyàwó."

Ambrose wò ó. Ó tún wo ti ọkọ. Ìlà kan náà ló dábùú wọn, ibì kan náà ló ti bẹ̀rẹ̀, ibì kan náà ló dópin sí.

"Tọkọtaya lè jọ jẹ pupuru nínú àwo kan," ni Dora wí. "Mi ò tíì rí èyí tó jọ ní àtàǹpàkò kan."

"Ìyàwó rẹ̀ ni?" Ambrose tọ́ka sí bẹ́ǹṣì. "Ìyàwó rẹ̀ ló jókòó síbí yìí?"

"Kò lè fọwọ́ kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ìka. Ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ fi tutù. Kì í ṣe òkú, Ọ̀gá Ambrose. Ẹni tí kò fẹ́ kú ni."

Dora dúró kó rí i pé ara ọkùnrin náà balẹ̀. Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó jókòó, ó sì tún wo ibi tí bẹ́ǹṣì wà.

* * *

Salome kéré lórí ibùsùn, aṣọ ìbora fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbé sókè níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Dora fa àga jókòó tì í.

"Màmá, ẹ fún mi lọ́wọ́ òsì yín."

Obìnrin náà fún un. Ọwọ́ náà tutù bí ìsàlẹ̀ ìkòkò omi. Dora fi ìka rẹ̀ tọ ìlà tó wà lórí àtàǹpàkò rẹ̀.

"Ìwọ náà mọ ìdí èkùrọ́," ni Salome wí.

"Ìyá mi pa á títí ó fi kú."

"Ṣé o ti mọ̀, nígbà náà."

"Mo ti mọ̀."

Salome kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Ọkọ rẹ̀ kú lálẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wòlíì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ó kú. Òun nìkan wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ̀, tùràrí ń jó, wọ́n ń kọrin níta láìdákẹ́, òun sì ń ka ọjọ́. Ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ilẹ̀kùn máa tì.

"Mo bọ́ aṣọ náà lára rẹ̀ fúnra mi. Ó ti le, ó pẹ́ kí n tó rí apá rẹ̀ fà yọ. Mo fi ìbora bò ó. Mo wọ̀ ọ́, mo sì jáde. Àlàmú ti ń dúró pẹ̀lú kẹ̀kẹ́. Kó o má mú Àlàmú o. Èmi ni mo rán an."

"Mo gbọ́."

"Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wá." Ó tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ibùsùn. "Ibẹ̀ yẹn ló ń dúró sí. Ó ń kọ ẹ̀yìn sí mi. Ọkùnrin tó ní omi àdúrà nìkan lòun fẹ́, mo bọ́ aṣọ lára rẹ̀, mo gbé e lọ fi tọrọ oògùn. Bí mo bá kú sórí tábìlì wọn lọ́jọ́ Ẹtì, ojú wo ni màá fi wò ó?" Ó fa káàdì náà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. "Gbà á, ọmọ mi. Mú un lọ fún wọn. Bóyá á kọjú sí mi."

Káàdì náà wà láàárín wọn. Bí Dora bá gbà á, iṣẹ́ rẹ̀ parí: a ti mọ ẹni tó ṣe é, ẹlẹ́ṣẹ̀ sì ti jẹ́wọ́. Ọ̀la yóò kàn kọ ìròyìn rẹ̀ ni.

"Ẹ fi pamọ́ títí di ọ̀la, Màmá."

Ó jáde lọ dúró lábẹ́ igi níwájú ọsibítù, ó ṣí ìwé kékeré rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó fa ìlà sí nídìí ni *Ọjọ́bọ̀*.

Ọjọ́bọ̀ ni Ambrose gbọ́ pé Adéjọbí kú. Ṣùgbọ́n Ọjọ́ Ajé ló di ọwọ́ kan mú, tó sì rò lẹ́sẹ̀ kan náà pé ọwọ́ òkú ni. Kí ló dé? Ní Ọjọ́ Ajé, kò sí ẹnì kankan ní Okitipupa tó mọ̀. Ẹni tó bá di ọwọ́ tútù mú lásìkò òjò á ní, "Bàbá, ara yín kò yá." Kì í rò pé òkú ni, àfi bó bá ti ń retí ikú ẹni náà tẹ́lẹ̀. Àfi bí ẹnì kan bá ti sọ fún un pé ọkùnrin yìí ń kú lọ.

Ta ló sọ fún un?

Salome rí ọkọ rẹ̀ tó kẹ̀yìn sí i, torí ó rò pé òun ṣẹ̀ ẹ́. Ambrose rí i tó ń dúró dè é. Kí ni ọkùnrin náà ń dúró dè lọ́dọ̀ akọ̀wé tí kò rí rí?

* * *

Ọjọ́bọ̀, ilẹ̀ kò tíì pẹ́ tó mọ́ tí Dora ti wọ ọ́fíìsì náà. Kò kí Ambrose. Ó lọ tààrà sí ara ògiri, ó gbé ìsàlẹ̀ kàlẹ́ńdà náà sókè, ó ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sókè ketekete.

"'Ẹni tí àìsàn kò bá jẹ́ kó lè wá, kó kọ lẹ́tà ránṣẹ́, kó fọwọ́ sí i, kó sì dárúkọ aya rẹ̀ nínú rẹ̀. Akọ̀wé yóò lọ bá a nílé láàárín ọjọ́ méje. Ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé ọ́fíìsì ni a ó kà sí ọjọ́ tó forúkọ sílẹ̀.'" Ó jọ̀wọ́ kàlẹ́ńdà náà. "Ẹ kò sọ èyí fún mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Ambrose dìde, ó tún jókòó.

"Ẹ ṣí dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, Ọ̀gá Ambrose."

Kọ́kọ́rọ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣí i. Lẹ́tà náà wà lábẹ́ àwọn fáìlì, wọ́n ti ṣí i, wọ́n ti tẹ òǹtẹ̀ ọ́fíìsì lù ú: ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà.

"Òjò ń rọ̀," ni Ambrose wí. "Ọ̀nà Ìkọ̀yà ti bàjẹ́. Mo ní, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yẹn dé, mo tún ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ojú wá ń tì mí láti lọ. Kí ni màá sọ pé ó dá mi dúró? Nígbà tí mo rí aṣọ funfun yẹn lẹ́nu ọ̀nà mi, mo ní ó ti kú, ó ti wá bi mí ní ìbéèrè."

"Ẹ sì wá bá mi kí n lè sọ fún yín pé kì í ṣe òun."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kì í ṣe òun ló wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ ẹ́ ní ìdáhùn síbẹ̀." Dora na lẹ́tà náà sí i. "Ẹ dìde. Ẹ gbé e lọ bá ọ̀gá yín, ẹ sọ ọ́ fún un pẹ̀lú ẹnu ara yín bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi. Mo wà lẹ́yìn yín."

Nígbà tí wọ́n jáde níwájú ọ̀gá náà, oòrùn ti dé àtàrí. Wọ́n ti fagi lé fọ́ọ̀mù onítẹ̀ka, lẹ́tà ti dípò rẹ̀. Ní ti Ambrose, ọ̀gá náà ní kó kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ títí wọn yóò fi pè é. Ó kó o sílẹ̀ láìjiyàn.

* * *

"Mi ò mọ̀wé," ni Salome wí. "Bá mi kà á."

Dora ṣí i. Ìwé náà mọ́, gbogbo ìlà rẹ̀ gún bí ti ẹni tí ọ̀rọ̀ títì ti mọ́ lára.

"'Sí Akọ̀wé. Èmi Benedict Adéjọbí ti Ìkọ̀yà ni mo kọ̀wé yìí. Ẹsẹ̀ kò gbé mi mọ́, n kò sì rò pé mo lè pẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá bá mi kí ọjọ́ mi tó pé. Ní ti ara mi, mo ti bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, n kò ní lo oògùn. Ṣùgbọ́n Salome aya mi kò bá mi jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà, èmi nìkan ni mo jẹ́ ẹ. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ó ń fọ aṣọ rẹ̀ ní ìdájí kí n má baà rí i, ó rò pé n kò mọ̀. Òun ni kí ẹ bá mi kọ orúkọ rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kó gbọ́ pé mo kọ̀wé títí yóò fi gba káàdì náà lọ́wọ́, nítorí bó bá gbọ́, yóò ní òun kò lọ.'"

Dora ká lẹ́tà náà. Ní ìsàlẹ̀ yàrá, ẹnì kan ń wúkọ́.

"Ó mọ̀," ni Salome wí.

"Ó mọ̀, Màmá."

"Mo ń yọ́ dìde láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí olè, ó sì ń wò mí." Ó fi ìka kan lẹ́tà náà. Ìbínú díẹ̀ ti wọ ohùn rẹ̀, irú ìbínú tí aya máa ń fi bá ọkọ tó wà láàyè sọ̀rọ̀. "Ọkùnrin yìí. Yàrá kan ṣoṣo là ń gbé, ó ń fi pamọ́ fún mi, mo ń fi pamọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ì bá jẹ́."

"Káàdì yín dúró. Orí lẹ́tà yìí ló dúró lé." Dora rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìka tẹ́ ẹ tẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ẹ̀yin àti Àlàmú máa wá ṣàlàyé ara yín níwájú adájọ́. Mi ò lè pa ìyẹn rẹ́."

"Bí mo bá yè é."

"Oṣù kẹsàn-án ni mo kọ orúkọ yín sí. Mi ò kọ ọ́ fún òkú."

Salome wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà dùn ún níkùn, ó fi ọwọ́ dì í mú. Nọ́ọ̀sì ti dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti ìgò kékeré tí wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí fún ìmúrasílẹ̀ ọ̀la. Kó tó la ẹnu bèèrè, Salome ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ti na ọwọ́ òsì náà sí i.